Lẹ́tà Méjì Lábẹ́ Eṣinṣin

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kejì ọdún 2009, ìyàwó Csorba Vendel kú sí ilé ìwòsàn ìlú Sárvölgy. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Wọn kò bímọ.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin ín tán, Halmos tó ń gbẹ́ òkúta sàréè bi Vendel pé kí ni kí òun kọ. Vendel kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí ó kọ orúkọ tòun sókè, kí ó kọ ọdún tí wọ́n bí òun sí i, kí ó fi àyè ọdún ikú sílẹ̀. Kí ó wá kọ ti ìyàwó òun sísàlẹ̀: Csorba Vendelné. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ará ibẹ̀ ń ṣe. Bí obìnrin bá ti wọ ilé ọkọ, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ á di ohun tí ìyá rẹ̀ nìkan ń pè. Ìjọba, ṣọ́ọ̀ṣì àti ibi iṣẹ́, orúkọ ọkọ ni wọn yóò máa pè é, wọn á wá so "né" kékeré kan mọ́ ọn nídìí, kí a lè mọ̀ pé aya ni. Lẹ́tà méjì péré ló fi yàtọ̀ sí ọkọ rẹ̀, nílé, lọ́nà, títí dé ibojì.

Vendel kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ilé ẹ̀kọ́ girama ló kà mọ, kó tó wọṣẹ́ ní mùsíọ́mù ìlú náà, níbi tí wọ́n ń kó òkú ẹyẹ, ẹranko àti kòkòrò pamọ́ sí. Ọdún mẹ́tàlélógójì ló fi ń gún kòkòrò lábẹ́rẹ́, tó ń na ìyẹ́ àfòpiná sórí pátákó, tó sì ń tẹ àwọn ìwé pélébé tó máa ń wà lábẹ́ kòkòrò kọ̀ọ̀kan: ibi tí a ti rí i, ọjọ́ tí a rí i, ẹni tó rí i. Kòkòrò tí kò ní ìwé lábẹ́, Vendel a máa sọ pé kò yàtọ̀ sí pàǹtí. Ó ti sọ ọ́ títí tí àwọn ọmọ iṣẹ́ fi ń sín in jẹ.

Ìyàwó rẹ̀ náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀, iṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́. Òun ló ń sin àwọn kòkòrò ajẹwé tí yóò di àfòpiná. Bí igi bá ti ń rúwé, á gun òkè Bükk lọ, á já ẹ̀ka kökény, igi ẹlẹ́gùn-ún tí èso rẹ̀ dúdú bí aró, á sì kó àwọn kòkòrò tó ń jẹ ewé rẹ̀ wálé. Inú ìgò jáàmù ló ń sìn wọ́n sí, lójú fèrèsé ilé ìdáná. Ó ń fi ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ bo ẹnu ìgò, ó sì ń pààrọ̀ ewé wọn láràárọ̀ kó tó gbé omi kọfí kaná. Nígbà tó bá yá, kòkòrò á ká ara rẹ̀ mọ́ inú èèpo, á sùn títí òtútù yóò fi kọjá. Àfòpiná tí ìyẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní ni mùsíọ́mù ń retí láti inú èèpo náà.

Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn èèpo á là, eṣinṣin ni yóò jáde. Eṣinṣin àfòmọ́ ni. Ìyá rẹ̀ ti yé ẹyin sí kòkòrò náà lára nínú igbó. Ìdin rẹ̀ á wọ inú kòkòrò lọ, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò sì ní fọwọ́ kan ibi tí ẹ̀mí wà títí yóò fi tó àkókò. Ẹni tó ti ń retí àfòpiná láti oṣù mẹ́jọ, tó wá bá eṣinṣin onírun gàn-ùn-gàn-ùn nínú ìgò, inú rẹ̀ kì í dùn. Ọ̀gá tó ń mójú tó àfòpiná nígbà náà ní kí wọ́n máa dà wọ́n nù. Ìyàwó Vendel kì í dà wọ́n nù. Á gún eṣinṣin náà lábẹ́rẹ́, á sì fi gọ́ọ̀mù lẹ èèpo tó ti jáde mọ́ káàdì kékeré kan nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ibi tó ti wá. Inú àpótí sìgá kan ló ń tò wọ́n sí. Ọ̀gá fi kálámù pupa kọ "Èyí tó bàjẹ́" sí ìdérí àpótí náà, wọ́n sì gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù tó ga jù.

Ibẹ̀ ló wà títí di oṣù kẹwàá ọdún tí obìnrin náà kú.

Ní oṣù náà ni Dókítà Pálfalvi Noémi wá láti Budapest, olú ìlú wọn. Obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, eṣinṣin àfòmọ́ sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Àpótí mẹ́rin ni mùsíọ́mù ní láti fi hàn án. Ó yẹ̀ wọ́n wò tán kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó wá bèèrè bóyá ibì kan wà tí wọ́n ń kó ohun tó bàjẹ́ sí. Ẹnikẹ́ni kò bèèrè irú rẹ̀ rí. Vendel ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mọ́kànlá, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ojoojúmọ́ ló ń wá tún àpótí tó ti fọ́ ṣe, kò sì sẹ́ni tó bi í pé kí ló wá ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló gun àkàbà, tó gbé àpótí sìgá náà sọ̀kalẹ̀, tó sì fi apá aṣọ rẹ̀ nu eruku rẹ̀ kó tó gbé e fún un.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Noémi fi tẹjú mọ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ní ọjọ́ kẹrin ó pe Vendel kó wá wò. Vendel rí ojú eṣinṣin kan tó ń dán bí fàdákà, àti irun ẹsẹ̀ tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí eyín òòyà. Noémi ṣàlàyé fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó ní òun ti fi wé ti Budapest àti ti Vienna, òun ti yẹ gbogbo ìwé tó wà lórí wọn wò. Ẹnì kan kò tíì rí irú rẹ̀, kò sì lórúkọ. Mọ́kànlá ni wọ́n, ará igi kökény ni gbogbo wọn, láti ọdún 1977 sí 1983. Ó bèèrè bí igbó tí wọ́n ti kó wọn ṣe wà. Vendel ní àwọn tó ń fọ́ òkúta ti gbẹ́ ẹ lọ láti ọdún 1988.

Noémi tún wo àpótí náà. "Ó lè jẹ́ pé àwọn mọ́kànlá yìí ló kù láyé."

Zádori Ottó, ọ̀gá àgbà mùsíọ́mù, kò lè jókòó nígbà tó gbọ́. Ó ka ìwé pélébé tó wà lábẹ́ èyí àkọ́kọ́ sókè: Sárvölgy, kökény, oṣù karùn-ún 1979, ẹni tó sìn ín: Csorba V. Ó fọwọ́ gbá Vendel léjìká. Ó ní eṣinṣin náà á jẹ́ orúkọ ìdílé Vendel, csorbai, ní èdè Látìn tí gbogbo ayé fi ń pe kòkòrò. Ó ní ọdún mẹ́tàlélógójì kò lè lọ láìní ẹ̀rí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti pe ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Nígbà tí Vendel ń jáde, Piroska tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti gbọ́.

"Bàbá Vendel, ẹ ò rọ́mọ bí, eṣinṣin ló wá fẹ́ máa jẹ́ orúkọ yín. Ọjọ́ wo ni ìsọmọlórúkọ? Ẹ má sì gbé ọtí pálinka olómi wá fún wa o."

Vendel ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu. Ìyẹn nìkan ló sọ, fún ọ̀gá àti fún Piroska. Wọ́n rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí Zádori wò, ara ògiri rẹ̀ nìkan ló rí. Vendel kò sin kòkòrò kan rí láyé rẹ̀. Òkú kòkòrò kò ṣe é ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n bó bá rí ìdin tó ń rá, á sá kúrò nídìí rẹ̀. Gbogbo ọdún tí àwọn ìgò náà fi wà lójú fèrèsé, ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí wọn jẹun. Ó mọ èyí. Ó tún mọ ohun mìíràn tó burú jù ú lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ní ọdún 1979, ó ń to lẹ́tà òjé sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré. Ìyàwó rẹ̀ wá dúró lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ ìdáná ṣì wà lára rẹ̀. Ó bi í bóyá ó lè tẹ orúkọ òun sí àwọn eṣinṣin náà. Vendel bi í pé orúkọ wo. Ó ní, "Ihász Borbála." Vendel rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹ̀mú gbé ìwé pélébé kan sókè, tí kò fẹ̀ ju èékánná lọ, ó ní àyè kò sí. Ó ní Csorba Vendelné gan-an kò gbà níbẹ̀. Òun á gé e kù sí Csorba V., nítorí ta ni kò mọ̀ pé ilé kan náà ni? Obìnrin náà kò jiyàn. "Ó dáa, Vendel," ló wí, ó sì padà sídìí ìgò rẹ̀. Kò bèèrè mọ́. Vendel kò sì rántí ọ̀rọ̀ náà mọ́, títí Zádori fi ka ìwé náà sókè.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni ó fi gbé e mì. Ní òwúrọ̀ á sọ pé òun á sọ ọ́ lónìí. Ní ìrọ̀lẹ́ á sọ pé kí ló kù tí eṣinṣin lè ṣe fún ẹni tó ti kú. Ká má parọ́, ó dùn mọ́ ọn díẹ̀ pẹ̀lú. Ẹnì kan kò fi ohunkóhun sọrí rẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹwàá, Noémi pè é sídìí tábìlì. Ó ti fẹ̀sọ̀ yọ àwọn ìwé pélébé àti káàdì tó wà lára abẹ́rẹ́ láti yà wọ́n ní fọ́tò. Ó fi ẹ̀mú yí káàdì tó gbé èèpo kan padà. Lábẹ́ rẹ̀, níbi tí ojú kì í dé, wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ lẹ́tà méjì, wọ́n sì kéré bí ẹsẹ̀ kòkòrò: I. B. Ó yí òmíràn. I. B. Ó yí mọ́kọ̀ọ̀kànlá.

"Bàbá Vendel, ta ni I. B.?"

Ọgbọ̀n ọdún ni káàdì náà fi wà níwájú rẹ̀. Kò yí ọ̀kan padà wò rí. Nínú gbogbo ẹni tó wà láàyè ní mùsíọ́mù náà, òun nìkan ló lè dáhùn, bó bá sì sọ pé òun kò mọ̀, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ fún mi láyè di ọjọ́ Ajé," ló wí.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́, tí gbogbo ìlú ń gbé òdòdó lọ sí itẹ́ òkú. Vendel ra krisántímọ́mù funfun, ó ṣa ewé gbígbẹ kúrò lójú ibojì, ó tan àbẹ́là. Lẹ́yìn náà ó dúró, ó ń wo òkúta náà. Csorba Vendel. Csorba Vendelné. Orúkọ ara rẹ̀ ló ń kà lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá àgbà kan ń bọ̀ láàárín àwọn ibojì, ó gbá òdòdó pupa rẹ́súrẹ́sú mọ́ àyà. Ó ti kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, Vendel rántí fìlà rẹ̀. Ó dúró láti mí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ará ibí ni yín? Ìlú Almásd ni mo ti wá, bọ́ọ̀sì méjì ni mo wọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni mò ń wá, Ihász Bori. Wọ́n ní ibí ni wọ́n sin ín sí. Mo ti yí ká lẹ́ẹ̀mẹta, né, né, né nìkan ni mò ń rí. Ta ló fẹ́ mọ ìyàwó ta ni?"

Vendel yà kúrò níwájú ibojì. Ó nawọ́ sí òkúta.

"Òun nìyí."

Ìyá náà sún mọ́ ọn. Ó yọ awò ojú rẹ̀ jáde látinú àpò, ó fi sójú, ó kà á látòkè délẹ̀.

"Ibo ló wà níbẹ̀?"

Obìnrin náà wo Vendel, ó wo òkúta, ọ̀rọ̀ sì yé e.

"Ìwọ ni Vendel."

"Èmi ni."

Ó mi orí. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìnira, ó gbé òdòdó rẹ̀ kalẹ̀, kò gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti Vendel, ìsàlẹ̀ níbi ẹsẹ̀ ibojì ló gbé e sí. Ó fọwọ́ tẹ ilẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn. "Bori," ló wí, "wọ́n mà fi ọ́ pamọ́ dáadáa." Kò bá Vendel sọ ohun mìíràn. Ó lọ wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀.

Nígbà tí Vendel délé, kò bọ́ kóòtù. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, lókè ibi tí ìyẹ̀fun wà. Ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́ta wà níbẹ̀, aláwọ̀ búlúù, èyí tó ti ń rí lójoojúmọ́ láti ogójì ọdún, tó sì rò pé ìwé oúnjẹ ni. Ó ṣí ti àkọ́kọ́. Kò sí oúnjẹ níbẹ̀. Ọjọ́ àti òkè àti ewé ló wà níbẹ̀, kòkòrò tó sùn, kòkòrò tó jí, ohun tó jáde. Ní ojú ewé kan ó kà pé: "Eṣinṣin ni lónìí pẹ̀lú. Ojú rẹ̀ rẹwà. Vendel ní ó bàjẹ́." Sí iwájú ìwé kọ̀ọ̀kan, obìnrin náà ti kọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ gàdàgbà gadagba.

Ní ọjọ́ Ajé, kò dúró kí wọ́n bi í. Ó kó ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì níwájú Noémi àti Zádori. Ó sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, láìgbé ohùn sókè, bí ẹni tó ń jábọ̀ iṣẹ́. Ó ní òun kọ́ ló sin àwọn kòkòrò náà. Ó sọ ẹni tó sìn wọ́n. Ó ní obìnrin náà bẹ òun pé kí òun kọ orúkọ rẹ̀, òun kò kọ ọ́. Ó ní irọ́ ni ohun tó wà lórí ìwé náà, òun fúnra òun ló tẹ̀ ẹ́.

Zádori wo ilẹ̀. Ó ní ìwé ìròyìn ti gbà á pé ọjọ́bọ̀ ni àwọn yóò gbé e jáde, pẹ̀lú àwòrán Vendel. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ là. Ó ní kò le tó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ọkùnrin la fi sọ kòkòrò lórúkọ, i ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀ ní Látìn. Bó bá jẹ́ obìnrin, ae ni. Kí wọ́n yí csorbai sí csorbae, ó ti di ti ìyàwó.

"Né náà nìyẹn," Vendel wí. "Ẹ kàn so ó mọ́ ọn ní Látìn ni."

Noémi ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fi kálámù sílẹ̀. Ó ní òfin iṣẹ́ àwọn kò gbà kí a yọ ìwé àtijọ́ kúrò lábẹ́ kòkòrò, bó ti wù kó ní àṣìṣe tó. Ohun tó bá ti wà níbẹ̀ á wà níbẹ̀. Tuntun la lè fi sísàlẹ̀ rẹ̀. Vendel ní bó ṣe yẹ nìyẹn; kí àṣìṣe òun wà níbẹ̀, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn rí i. Noémi ní kó pe orúkọ náà fún òun, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Vendel pè é. Ó pẹ́ tó ti pè é kẹ́yìn. Nílé pàápàá, "ìyàwó" ló máa ń pè é.

"Borbalae," Noémi kọ ọ́ sílẹ̀. "Ẹ máa tẹ ìwé rẹ̀ fún wa?"

Ọwọ́ Vendel kò le bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ṣì wà nísàlẹ̀ ilé, lábẹ́ aṣọ. Ó to àwọn lẹ́tà òjé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó sìn ín: Ihász Borbála. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, ó gé e, ó sì gbé e lé èékánná rẹ̀. Ó gbà. Àyè tiẹ̀ ṣẹ́kù.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó lọ bá Halmos ní ìdí òkúta rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ kan kún ibojì ìyàwó òun. Halmos mọ òkúta náà, òun ló gbẹ́ ẹ. Ó fi ìka wọ̀n ọ́n lójú afẹ́fẹ́.

"Bàbá, àyè kò sí. Ìka mẹ́ta ló kù láàárín ọdún rẹ̀ àti etí òkúta. Bí mo bá fún un pọ̀, kò ní ṣeé kà."

Vendel ti gbọ́ gbólóhùn yẹn rí, láti ẹnu ara rẹ̀.

"Orúkọ tèmi tó wà lókè, ṣé ó ṣeé pa rẹ́?"

"Ó ṣeé fi ẹ̀rọ ha. Ṣùgbọ́n kí ló ṣe é?"

"Ha á kúrò, kí o kọ tirẹ̀ síbẹ̀. Mi ò tíì kú."

"Bẹ́ ẹ bá wá kú ńkọ́?"

"Ìka mẹ́ta ló kù nísàlẹ̀," Vendel wí. "Lẹ́tà méjì á gbà níbẹ̀: C. V."

Ohun tí Ihász Borbála, ọmọ Almásd, fi sílẹ̀ nìwọ̀nyí. Eṣinṣin mọ́kànlá, nínú àpótí onígíláàsì ní mùsíọ́mù Sárvölgy, ìwé pupa wà lábẹ́ ọ̀kan nínú wọn láti fi hàn pé òun ni àkọ́kọ́ tó jẹ́ orúkọ náà. Èèpo mọ́kànlá tí wọ́n ti jáde. Àpótí sìgá kan tí wọ́n kọ "Èyí tó bàjẹ́" sí. Ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀mú kan tí ẹnu rẹ̀ ti tẹ̀. Ọkọ kan, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Ìgò jáàmù mẹ́rìndínlógún, tí a fọ̀, tí a da ojú wọn dé. Ìbọ̀sẹ̀ tí a gé wẹ́wẹ́, nínú agolo bọ́tìnnì. Bàtà tó fi ń gun òkè, ẹsẹ̀ méjèèjì, amọ̀ igbó tí kò sí mọ́ ṣì wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Pẹ́ńsùlù kan tó kúrú ju ìka lọ, tí ẹnu rẹ̀ ṣì mú.